Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Final Fantasy Kan Wé Òmíràn

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣàgámù, níbi tí mo ti ń tún fóònù àti pádì géèmù ṣe, bí ọ̀rọ̀ Final Fantasy, àwọn géèmù ìtàn àti ìjà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà I, II, III pè, bá ti délẹ̀, ariwo ló máa ń dà. Ọ̀kan á ní kò sí èyí tó tó VII láyé. Èkejì á ní ẹni tí kò bá tíì gbá X kò tíì rí nǹkan kan. Bí mo bá wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àwòrán ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, pé tibí dán ju tọ̀hún lọ. Àwòrán sì ni ó yẹ kó gbẹ́yìn nínú ohun téèyàn máa fi wọn géèmù wọ̀nyí. Àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Àǹtí ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí fún ẹ̀yin tí ọ̀nà yín kò gba Ṣàgámù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé nọ́ńbà tó wà lára orúkọ géèmù kò túmọ̀ sí pé ìtàn kan náà ló ń bá a lọ. Iléeṣẹ́ Square ní Japan gbé àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 1987 fún Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, Hironobu Sakaguchi ló sì darí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ló ń mú ayé tirẹ̀ wá, èèyàn tirẹ̀, ọ̀tá tirẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ kò ju àwọn nǹkan bíi Chocobo lọ, ẹyẹ ńlá tí wọ́n ń gùn, tó bẹ̀rẹ̀ láti II. Moogle, ẹ̀dá kékeré onírun tó bẹ̀rẹ̀ láti III. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Cid, tí orúkọ rẹ̀ kì í yí padà àmọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń yí padà. Àti orúkọ àwọn oògùn àti idán. Nítorí náà, kò pọn dandan kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti I. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń da ọ̀nà ìjà àtẹ̀yìnwá nù tí wọ́n ń hùmọ̀ òmíràn, ìyẹn ló sì mú kí fífi wọ́n wéra dùn tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ẹ bi í pé èwo gan-an ló ń sọ. Nígbà tí IV dé Amẹ́ríkà ní 1991, II ni wọ́n kọ sára rẹ̀. VI tó dé ní 1994, III ni wọ́n pè é, torí pé wọn ò tíì ta II, III àti V ti Japan níbẹ̀ rárá. Àfìgbà tí VII dé ní 1997 ni nọ́ńbà ṣẹ̀ṣẹ̀ bára mu kárí ayé. III ti gidi, èyí tó jáde ní 1990, kò kúrò ní Japan títí di 2006 tí wọ́n tún un ṣe fún Nintendo DS. Bí ẹnì kan bá ní III lòun fẹ́ràn, tó sì ń dárúkọ Terra tàbí Kefka, àwọn èèyàn inú VI, VI ló ń sọ. Mo ti rí àwọn tó jiyàn di alẹ́ láìmọ̀ pé géèmù kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbè lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín wọn sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tí wọ́n bí lásìkò kan náà ló ń jó kọjá pọ̀ níwájú ọba, aṣọ kan náà lọ́rùn, ojú èrò sì ń wá ẹni tó yọrí láàárín ẹgbẹ́ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ọmọ ogún ọdún díje pẹ̀lú bàbá ọgọ́rin ọdún. I, II àti III ni ẹgbẹ́ Famicom, láti 1987 sí 1990. IV, V àti VI ni ẹgbẹ́ Super Famicom, 1991 sí 1994. VII, VIII àti IX ni ẹgbẹ́ PlayStation, 1997 sí 2000. X ti 2001 àti XII ti 2006 wà lórí PlayStation 2. XIII (2009), XV (2016) àti XVI (2023), kálukú wọn ló dá jáde lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. XI àti XIV, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbá wọn pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn, owó oṣù sì wà níbẹ̀. Ẹ yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, òṣùwọ̀n tiwọn yàtọ̀. Inú ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ ṣe ìfiwéra. Bó bá yá, ẹ kọjá sí ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e: VI pẹ̀lú VII, IX pẹ̀lú X. Ẹ má ṣe fo láti I sí XVI.

Ó wá ku ohun tí ẹ máa wò. Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni èmi máa ń lò, ọ̀tá ńlá tí ẹ máa kọ́kọ́ pàdé. Kò gba àkókò púpọ̀ kéèyàn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ṣe géèmù náà ti ń fi hàn yín ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ kọ́. Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ ohun tí ìjà náà kò fẹ́ kí ẹ ṣe, bó ṣe jẹ́ kí ẹ mọ̀, àti ìyà tó fi jẹ yín nígbà tí ẹ ṣàìgbọràn. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìgbọràn lẹ́ẹ̀kan o, torí ẹ ò ní mọ̀ bí ẹ ò bá ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká gbé IV yẹ̀ wò. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ètò tí Hiroyuki Ito hùmọ̀, níbi tí aago kì í ti í dúró de ẹni tó ń ronú: bí ẹ ṣe ń yan idán lọ́wọ́, ọ̀tá ń bọ̀. Cecil àti Kain, jagunjagun méjì tí ẹ ń darí, wọ inú ihò lọ, lójú ọ̀nà abúlé Mist, dírágónì kan sì dìde sí wọn. Wọ́n lù ú díẹ̀, ó di ìkùukùu. Bí ẹ bá lu ìkùukùu náà, òtútù gidi ló máa fi dá a padà fún gbogbo yín. Àfi kí ẹ káwọ́ dúró títí yóò fi padà di dírágónì. Nínú ìjà tí aago ti ń lé yín, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ yín ni sùúrù.

Ní VI, inú ihò ìwakùsà ní Narshe ni. Terra àti ọmọ ogun méjì wà nínú ẹ̀rọ irin tó ń fẹsẹ̀ rìn, ìgbín ràbàtà kan sì dí ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ti kìlọ̀ pé mànàmáná ló kó sínú ìkarahun. Orí nìkan ni kí ẹ lù. Bó bá ti fa orí wọlé, ẹ dúró. Ẹ̀kọ́ kan náà ni, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi kún un. Bí ẹ bá ṣí àwọn àṣẹ tí kálukú lè pa nínú ẹ̀rọ yẹn, ti Terra pọ̀ ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún yín pé ọmọbìnrin yìí yàtọ̀ sí èèyàn, àtẹ àṣẹ ti sọ ọ́. Ìgbà tí mo kíyè sí ìyẹn ni mo mọ̀ pé àwọn tó ṣe VI mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì.

VII náà mú un wá. Àkekèé onírin ló ń ṣọ́ ilé ẹ̀rọ Mako tí Cloud àti Barret wá dá sí wẹ́wẹ́. Bó bá ti gbé ìrù sókè, ẹ fi í sílẹ̀, torí pé bí ẹ bá lù ú, ìtànṣán iná ni èsì rẹ̀. Bó bá sọ ìrù kalẹ̀, ẹ máa lù ú nìṣó, mànàmáná tó wà lára idà Cloud sì ni kí ẹ fi ṣe é. Ibí ni àwòrán ti wúlò ní tòótọ́. Ìrù yẹn ń gòkè lójú yín, ẹ ń rí i, kò dà bíi ti ìgbà tí àwòrán kan kàn ń pa òmíràn rẹ́. Lẹ́yìn ìjà, aago ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀ sí í kà sẹ́yìn kí ẹ tó jáde. Sùúrù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ yín, wọ́n wá ní kí ẹ sáré.

VIII ò bá ọ̀nà yẹn lọ. Kí Squall, ọmọkùnrin tí ẹ ń darí, tó wọ ihò iná lọ bá Ifrit, ọ̀tá ńlá ibẹ̀, wọ́n ní kó fẹnu ara rẹ̀ yan àkókò: ìṣẹ́jú 10, 20, 30 tàbí 40. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ ibi tí agbára yín dé. X wá dá aago dúró pátápátá. Lápá ọ̀tún ojú ìjà, orúkọ ẹni tó kàn tò sílẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ sì lè yọ ẹnì kan kúrò láàárín ìjà kí ẹ fi òmíràn rọ́pò: Wakka fún ohun tó ń fò, Auron fún ohun tó ní ìhámọ́ra líle, Lulu fún èyí tí idà kì í ràn. Ẹni tó bá ní X rọrùn torí pé kò sí aago, ẹ ní kó ka orúkọ mẹ́fà tó kàn kó sì sọ ohun tí olúkúlùkù máa ṣe.

Òṣùwọ̀n kejì ni bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i. Ní II, kò sí lẹ́fẹ̀lì, ìyẹn ipele agbára, rárá: idà tí ẹ ń lò ló ń mú sí i, ìyà tí ẹ ń jẹ ló ń sọ ara yín di líle, débi pé àwọn kan ń lu ọ̀rẹ́ wọn nínú ìjà kó lè lágbára. V fún yín ní oríṣi iṣẹ́ ìjà tó lé ní 20 tí àwọn èèyàn yín lè máa pààrọ̀. Ti VIII ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, torí òun ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ láìbi í léèrè. Nínú rẹ̀, ẹ máa ń fa idán jáde lára ọ̀tá, ẹyọ 100 ni òpin ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan, ẹ ó sì so idán náà mọ́ agbára, ẹ̀mí tàbí eré sísá. Àwọn ọ̀tá sì ń ga bí lẹ́fẹ̀lì yín ṣe ń ga. Ẹni tó bá ti VII bọ̀, tó ń pa ẹran igbó kiri kó lè ga, ara rẹ̀ ló ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ fi VIII wé VII bó ṣe tọ́, ẹ gbàgbé gíga, ẹ so idán mọ́ra dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé ó dùn tàbí kò dùn.

Òṣùwọ̀n kan tún wà tí mo fẹ́ràn gan-an: Phoenix Down, ìyẹ́ tó ń jí ẹni tó ṣubú. Bí ẹ bá lò ó lára òkú tó ń rìn, ṣe ló ń pa á. Ọkọ̀ ojú irin iwin inú VI, ìyẹ́ kan ṣoṣo tó o. Gerogero inú VIII náà, ìyẹ́ kan. Evrae Altana inú X, méjì. Ẹ̀rọ yí padà, ìlànà ìjà yí padà, àmọ́ ohun tí ẹ kọ́ ní 1994 ṣì gbà yín lọ́wọ́ ikú ní 2001. Bí ẹ bá ń fi méjì wéra, ẹ máa wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀: èwo nínú ìmọ̀ àtijọ́ ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún, èwo ni wọ́n fi tan yín jẹ?

Ọ̀rọ̀ iná. VII, VIII àti IX bí wọ́n ṣe jáde, àfi lórí máàpù ńlá tàbí níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ni ẹ ti lè ṣe sééfù, ìyẹn ni kí ẹ tọ́jú ibi tí ẹ gbá a dé. Bí wọ́n bá mú iná lọ lágbedeméjì, ohun tí ẹ ti ṣe ti lọ nìyẹn. Inú máa ń bí àwọn oníbàárà mi, wọ́n á sì sọ pé géèmù náà burú. Ẹ má fi ọ̀ràn NẸ́PÀ jẹ géèmù níyà. Ìjìnnà láti ibi sééfù kan sí èkejì jẹ́ ara ohun tí wọ́n fọwọ́ ṣe: nínú ihò ìkẹyìn VII, ẹyọ kírísítálì kan tó ń di ibi sééfù ni wọ́n fún yín pé kí ẹ fúnra yín yan ibi tí ẹ máa gbé e kalẹ̀, ẹ ò sì ní rí òmíràn. Ìpinnu ńlá ni. Ẹ lo ínfátà, tàbí kí ẹ gbá a lórí fóònù.

Ẹ sì rí i pé irú ẹ̀dà kan náà ni méjèèjì. Pixel Remaster, ẹ̀dà tuntun tí wọ́n tún ṣe, ti I sí VI jáde láàárín 2021 àti 2022, wọ́n wà lórí fóònù, wọ́n sì ń ṣe sééfù fúnra wọn. IV tún ní ẹ̀dà DS tó le ju èyí lọ. Tí ẹ bá fi IV ti DS wé VI ti Pixel Remaster, ẹ̀dà ni ẹ fi wéra. Bí bọ́tìnì tó ń mú ìjà yára tàbí tó ń lé ọ̀tá lọ bá sì wà, ẹ pa á.

Ní ti orin, Nobuo Uematsu nìkan ló kọ ti I dé IX. Ẹ gbọ́ orin ìṣẹ́gun ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìjà, ìyẹn tó.

Nínú ẹgbẹ́ Super Famicom, VI ni mo gbé borí, nítorí àtẹ àṣẹ Terra yẹn àti àwọn nǹkan mìíràn tó jọ ọ́. Nínú ẹgbẹ́ PlayStation, IX ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà rẹ̀ ń fà: èèyàn mẹ́rin ló ń jà dípò mẹ́ta, ohun ìjà àti aṣọ tí ẹ bá wọ̀ ló sì ń kọ́ yín ní ọgbọ́n ìjà, nítorí náà ẹ máa ń ronú kí ẹ tó ju idà àtijọ́ nù. Ọ̀pọ̀ kò ní gbà fún mi, ó sì yẹ kí wọ́n mú ìwé tiwọn wá.

Ẹni tí kò ní ju fóònù lọ, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IV àti VI ti Pixel Remaster, kó gbá méjèèjì dé ọ̀dọ̀ dírágónì àti ìgbín, kó lu ìkùukùu lẹ́ẹ̀kan, kó lu ìkarahun lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà kó wá ẹni tó máa yá a ní VII.