Bí ẹ ṣe lè dí ọ̀nà eku lábẹ́ ilé ní Georgia láìjẹ́ kí pákó jẹrà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tàbí tí ẹ yá ilé àtijọ́ ní Atlanta, Decatur tàbí àwọn ìlú tó yí wọn ká, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yìí kò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ilé búlọ́ọ̀kù tiwa. Orí ògiri kúkúrú ni wọ́n tẹ́ pákó ilé lé, àyè kan sì wà nísàlẹ̀ tí èèyàn lè rá wọ̀. Crawl space ni wọ́n ń pè é. Páìpù omi, wáyà iná àti páìpù ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ AC kiri, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà. Tí òtútù bá ti ń wọlé dé, ibẹ̀ náà ni eku ń forí lé.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni kó wá pákó àti fóòmù, kó fi dí gbogbo ojú atẹ́gùn ara ògiri ìsàlẹ̀ yẹn pa. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi inú ilẹ̀ ń ru sókè láìdúró, ojú ò sì rí i. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, ara pákó ni yóò wọ̀. Pákó tí omi inú rẹ̀ bá kọjá 20% fún ìgbà pípẹ́ lè bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílé, kó tó wá jẹrà, ikán sì fẹ́ràn irú pákó bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ abẹ́ ilé kì í dúró sísàlẹ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ páìpù gòkè wá sí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn.

Nẹ́ẹ̀tì onírin ni kí ẹ lò. Ní Home Depot tàbí Lowe's, hardware cloth ni kí ẹ béèrè, èyí tí ojú rẹ̀ kò ju 1/4 íǹṣì lọ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò ṣe é lò, eku á jẹ ẹ́ já. Ojú wáyà ilé adìẹ sì ti fẹ̀ jù. Ògiri tó lanu ni alángbá ń ráyè wọ̀, àmọ́ ti eku kékeré kò gba kí ògiri lanu tó bẹ́ẹ̀: ihò tó bá fi díẹ̀ ju 1/4 íǹṣì lọ ti tó o, eku ńlá ló ń fẹ́ ààbọ̀ íǹṣì. Ẹ gé nẹ́ẹ̀tì náà kó fi nǹkan bí íǹṣì méjì ju ojú atẹ́gùn lọ yíká, kí ẹ fi skúrúù àti wáṣà dè é mọ́ ògiri. Ẹ wá fi ìka tẹ etí rẹ̀ yíká. Ibi tó bá ti jì, ibẹ̀ ni eku máa ki eyín bọ̀. Ẹ sì máa gbá ewé àti eruku kúrò lójú rẹ̀, torí nẹ́ẹ̀tì tó ti dí kò yàtọ̀ sí pákó.

Ihò ẹ̀gbẹ́ páìpù ńkọ́? Fóòmù inú agolo nìkan kò tó, eku ń jẹ ẹ́. Wáyà bàbà tó rí bíi kànrìnkàn ni kí ẹ ki sínú rẹ̀ kó le, kí ẹ tó fi sealant, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń dí ihò, bò ó. Ti irin máa ń dípẹtà. Ibì kan ṣoṣo tí nẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ dé ni ẹnu páìpù ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ: òwú ara aṣọ á dí i, iná lè sọ. Ọmọrí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ ni ti ibẹ̀, kí páìpù náà sì jáde síta gbangba, kì í ṣe sábẹ́ ilé.

Ó wá ku omi. Ẹ tẹ́ ọ̀rá nínípọn, 6 mil (mil ni wọ́n fi ń wọn bí ọ̀rá ṣe nípọn tó), bo gbogbo ilẹ̀ abẹ́ ilé, kí etí ọ̀kan gun èkejì ní íǹṣì 6. Ìlànà ìkọ́lé fi bó ti wúlò tó hàn: láìsí i, square feet 150 ilẹ̀ ń fẹ́ ojú atẹ́gùn tó tó square foot kan, bí ọ̀rá bá wà, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba ìhà kan bọ́ sí ìkejì, square foot kan tó fún 1,500. Kí omi òrùlé má dà sí ẹsẹ̀ ògiri, kí ilẹ̀ sì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ kúrò lára ilé ní íǹṣì 6 láàárín ẹsẹ̀ bàtà 10.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú ti abẹ́ ilé pa pátápátá. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, torí nígbà ooru Georgia, afẹ́fẹ́ ìta kún fún omi, tó bá sì bá páìpù AC tó tutù pàdé, ìrì ló ń dà. Àmọ́ odindi iṣẹ́ nìyẹn: ọ̀rá á gun ògiri, dehumidifier á máa fa ọ̀rinrin kó má kọjá 60%, ẹ ó sì fi íǹṣì 3 sílẹ̀ lókè ògiri láìbò kí ẹni tó ń yẹ ikán wò lè ríran. Bí ẹ̀rọ gáàsì tó ń gbóná omi tàbí ilé bá wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ojú atẹ́gùn kankan títí onímọ̀ yóò fi wò ó. Carbon monoxide, gáàsì olóró tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè tú jáde, kò ní òórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Àwọn county Cobb, DeKalb, Fulton àti Gwinnett sì wà lára ibi tí EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká, ní radon ti lè pọ̀ jù, ìyẹn gáàsì tó ń ti inú ilẹ̀ wá tó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́.

Èmi ò fara mọ́ májèlé. Eku tó bá jẹ ẹ́ á lọ kú síbi tí ọwọ́ ò dé. Pàkúté ni kí ẹ dẹ, kí ẹ tó dí ihò tó kẹ́yìn. Ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a ní gbígbẹ: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ po bílíìṣì ìdá kan mọ́ omi ìdá mẹ́sàn-án, ẹ fi rin ín fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó fi pépà nù ún.

Ẹni tí ẹ bá pè láti wá pa eku gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ Georgia Department of Agriculture, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá ń ra ilé, ẹ ní kí home inspector, ẹni tó ń yẹ ilé wò fún olùrà, wọ abẹ́ ilé, kó sì ya fọ́tò wá. Ayálégbé ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ dí nǹkan kan láìsọ fún onílé. Òfin Georgia tí wọ́n ń pè ní Safe at Home Act sọ pé ilé tí wọ́n bá fi háyà láti ọjọ́ 1 oṣù Keje 2024 gbọ́dọ̀ yẹ fún èèyàn láti gbé. Ẹ kọ̀wé sí onílé, ẹ fi déètì àti fọ́tò sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.