Tí ọkàn ẹni tó ní wárápá bá ti rẹ̀wẹ̀sì, ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rèé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn máa sọ fún un pé kó mọ́kàn le. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí wọ́n ń pè ní dìpúrẹ́ṣọ̀n, àìsàn ni, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lára àwọn tó ní wárápá.

Ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ ó máa kọ nǹkan sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Wọ́n pààrọ̀ oògùn wárápá tí àbúrò mi ń lò sí èyí tó ń jẹ́ levetiracetam, wárápá yẹn ò gbé e mọ́, inú gbogbo wa dùn, àmọ́ kò pé oṣù kan tó fi di pé kì í fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, á jókòó ti abọ́ oúnjẹ títí á fi tutù, tá a bá sì bá a sọ̀rọ̀ á jágbe mọ́ wa. A rò pé ìwàkíwà ni. Ìgbà tí mo wo déètì tí mo ń kọ sílẹ̀ ni mo tó rí i pé ẹ̀yìn oògùn tuntun yẹn ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Torí náà ẹ máa kọ ọjọ́ tí wárápá gbé e, bó ṣe sùn sí, bí inú ẹ̀ ṣe rí, àtọjọ́ tí wọ́n yí oògùn padà. Inú lè bà jẹ́ lẹ́yìn tí wárápá bá gbé èèyàn, kó sì lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé ìwé yẹn lọ bá dókítà. Ẹ bi í bóyá oògùn ló fà á, àwọn oògùn wárápá míì bíi phenobarbital àti topiramate náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá oògùn wárápá dúró fúnra yín o! Wárápá lè gbé e léraléra láìdáwọ́ dúró, ìyẹn sì lè pa èèyàn.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì á mú kí wárápá pọ̀ sí i. Ẹ̀rù yẹn ń dùn mí, torí ó ń jẹ́ kí wọ́n máa jìyà lásán. Sertraline àti citalopram ni wọ́n sábà máa ń lò, ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, ẹ ní sùúrù. Nínú àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, bupropion àti clomipramine ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí àwọn yẹn lè mú kí wárápá pọ̀ sí i. Carbamazepine, tó jẹ́ oògùn wárápá, lè dín agbára oògùn míì kù, torí náà ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà. Ìtọ́jú tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n á máa bá a sọ náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o pa ara ẹ?" Ìbéèrè yẹn ò ní fi nǹkan tí ò sí lọ́kàn ẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì kó oògùn sọ́wọ́ ara yín, kẹ́ ẹ máa fún un ní ìwọ̀n tó máa lò lásìkò kọ̀ọ̀kan.