Ọkọ̀ tó ń fò: àwọn àṣìṣe tí à ń ṣe nípa rẹ̀ láti Àkúrẹ́

Ọ̀nà Adó ló tún fọ́ ṣọ́ọ̀kì mọ́tò mi, ẹ̀ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́rin. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Àkúrẹ́, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń tú táyà, ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan bá na fóònù sí mi. Fídíò ni. Mọ́tò kan ń sáré lọ, ó na apá lọ́tùn-ún lósì, ó gbéra nílẹ̀, ó lọ.

"Bọ̀dá, èyí ló máa gbà wá lọ́wọ́ ọ̀nà Adó o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àfi bí ọkùnrin tó jókòó tì mí ṣe sọ pé ọ̀rẹ́ òun kan ti sanwó àsansílẹ̀ fún ọ̀kan. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka nípa àwọn ọkọ̀ yìí, torí mo fẹ́ràn wọn, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa wọn fi ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ti ọmọṣẹ́ yẹn.

Ẹ má rò pé ó máa gbà yín lọ́wọ́ kòtò

AirCar ni wọ́n ń pe ọkọ̀ inú fídíò yẹn. Štefan Klein, ará Slovakia, ló ṣe é. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó gbé e kúrò ní pápákọ̀ òfurufú Nitra, ó fi ìṣẹ́jú 35 fò dé ti Bratislava, ó ká apá rẹ̀ sínú, ó sì wà á wọ ìlú bí ẹni wa mọ́tò. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa: láti pápákọ̀ dé pápákọ̀ ni. Ó ní láti kọ́kọ́ sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú tó tó nǹkan bíi mítà 300 kó tó lè fẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Kò lè dìde láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjà Ọba.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní Alágbàká ní Àkúrẹ́ lẹ̀ ń gbé, Adó lẹ sì ń lọ, ọ̀nà tí kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ. Ẹ máa wakọ̀ gba Ọ̀bà-Ilé lọ sí pápákọ̀ òfurufú wa. Ẹ máa yẹ ọkọ̀ wò yíká, ẹ máa dúró gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ máa fò fún bóyá ìṣẹ́jú 15, ẹ máa balẹ̀ sí pápákọ̀ ti Adó, ẹ máa ká apá, ẹ máa tún wakọ̀ wọ ìlú. Bí òjò bá ṣú, kò sí ìrìn rárá. Ẹni tó wọ táksí láàárọ̀ á ti jẹyán tán.

Kòtò yẹn ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mọ́tò fẹ́ wúwo kó lè fara da ìkọlù. Bàálù fẹ́ fúyẹ́ kó lè gbéra. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe méjèèjì pọ̀ á ṣe ọkọ̀ tí kò dáa tó mọ́tò lórí títì, tí kò sì dáa tó bàálù lókè. Bí ọlọ́kadà bá fi hándù rẹ̀ ha mọ́tò mi lára, a ó bú ara wa díẹ̀, kálukú á máa bá tirẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ apá bàálù ló ha, ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ fò mọ́ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kòtò tó fọ́ ṣọ́ọ̀kì mi, mi ò fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe sí i.

Ẹ má gbé "mánéèjì" dé òfurufú

Lọ́jọ́ yẹn náà ni sàlẹ́ńsà mi já lẹ́yìn. Mẹkáníìkì mi gé wáyà, ó fi so ó mọ́ ìsàlẹ̀ mọ́tò, ó fi pílá yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó fẹsẹ̀ gbá a wò. Ó ní, "Ó di àmọ́dún." Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wáyà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fi bú u, ọwọ́ rẹ̀ dáa. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó ń fò, nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀: ta ló tú u, ta ló dè é, ìgbà wo ni wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́nà Ọ̀ndó, ẹ ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó já ewé sẹ́yìn mọ́tò. Lókè, ibo lẹ fẹ́ yà sí?

Àwọn kan ti dán irú rẹ̀ wò rí. Ní California, Henry Smolinski àti Harold Blake mú mọ́tò Ford Pinto, wọ́n fi apá àti ìrù bàálù Cessna Skymaster mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, irin tó gbé apá ọ̀tún ró já lófurufú. Àwọn méjèèjì bá a lọ. Irin tí wọn ò jó pọ̀ dáadáa wà lára ohun tí àwọn olùwádìí dá lẹ́bi.

Ẹ tún wo ọdún yẹn: 1973. Àwọn tó ń pariwo pé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bẹ̀ kò mọ̀ pé ọdún 1917 ni Glenn Curtiss ti gbé tirẹ̀ síta ní New York. Èyí kàn ń fò sókè bọ́ sílẹ̀ bí adìyẹ ni, kò fò ní tòótọ́. Aerocar tí Molt Taylor ṣe fò ní tirẹ̀ ní ọdún 1949, ìjọba Amẹ́ríkà fún un níwèé ẹ̀rí ní 1956, síbẹ̀ iye tí wọ́n ṣe ò pé mẹ́wàá. Ó fò. Ẹni tó máa rà á ni kò pọ̀.

Láísẹ́ǹsì mọ́tò náà ò sì tó. Ẹni tó bá ra PAL-V Liberty, mọ́tò tó ń fò tí wọ́n ń ṣe ní Netherlands, gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì awakọ̀ òfurufú. Nílẹ̀ wa níbí, kódà dúróònù kékeré tí wọ́n fi ń ya fídíò òde ìgbéyàwó, ó yẹ kí NCAA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú, àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò mọ̀ sí i. A ò sì ní gbàgbé ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013 ní ìpínlẹ̀ yìí, nígbà tí bàálù tó ń gbé òkú gómìnà wa tẹ́lẹ̀, Olusegun Agagu, bọ̀ ní Àkúrẹ́ já ní Èkó kété tó gbéra. Ìwádìí fi hàn pé ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ pé nǹkan kò tò kí wọ́n tó kúrò nílẹ̀. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà nìyẹn o. Ẹ wá fojú inú wo awakọ̀ táksí tó ti Road Block ní Àkúrẹ́ dé.

Bátìrì kì í ṣe epo

Kílò epo bẹntiróòlù kan ní agbára tó ju ti kílò bátìrì kan lọ ní ìlọ́po 40 ó lé. Mọ́tò iná kì í fi agbára ṣòfò tó ti epo, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ yẹn ò kéré. Mọ́tò tó wà lórí títì, ilẹ̀ ló ń bá a ru bátìrì rẹ̀. Èyí tó ń fò, orí ara rẹ̀ ló fi ń rù ú. Epo ń jó, ẹrù ń fúyẹ́. Bátìrì ní tirẹ̀, bó kún, bó gbẹ, ìwúwo kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí Jetson One, ọkọ̀ tó ń fi bátìrì fò, tí kò gbà ju ẹnì kan lọ, kò fi lè fò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ máa retí iná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Àkúrẹ́ mọ ìyókù.

Ẹ má sì pe gbogbo ohun tó ní abẹ̀bẹ̀ ní mọ́tò tó ń fò. EHang EH216-S, ọkọ̀ òfurufú abátìrì tí Ṣáínà fún níwèé ẹ̀rí ní 2023 kò ní táyà tó lè fi rìn lójú títì. Èèyàn méjì ló ń gbé, kọ̀ǹpútà ló ń wà á.

Àwọn tó ń dìde lóòró báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní lọ́kàn, pé wọ́n á máa gbéra látinú ọgbà ilé. Nígbà ìpolongo ìbò kan, ẹlikópítà balẹ̀ sí pápá ilé-ìwé kan nítòsí wa. Kó tó balẹ̀ tán, kánópì mẹ́ta ti dojú délẹ̀, ìyá tó ń ta ẹ̀pà sísè ń lé abọ́ rẹ̀ kiri, eruku pupa ti wọ inú kúlà àwọn tó ń ta omi. Ohun tó bá máa dìde lóòró gbọ́dọ̀ ti atẹ́gùn sílẹ̀ tó láti gbé ìwúwo rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tó lè yẹ ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wá ronú mẹ́wàá irú rẹ̀ lórí páànù Ọjà Ọba nígbà ọyẹ́.

Ẹ má sanwó

Mo bi ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì yẹn pé rìsíìtì ọ̀rẹ́ rẹ̀ dà. Ó ní WhatsApp ni wọ́n ti bá ara wọn sọ ọ́, wọ́n ní aṣojú ilé-iṣẹ́ kan ni. Ilé-iṣẹ́ wo? Kò mọ̀. Níbo ni wọ́n wà? Ó ní Dubai. Mo dákẹ́.

Àwọn tó ní ọ́fíìsì tí gbogbo ayé mọ̀ gan-an ń ṣubú. Lilium ti Jámánì kó owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là jọ, ní oṣù kẹwàá 2024 ó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ pé òun ò lè san gbèsè òun. Volocopter, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Alef Aeronautics ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́ máa ta mọ́tò tó ń fò, ní 300,000 dọ́là ni tòun. Ẹ fi iye tí dọ́là ń lọ lónìí sọ ọ́ di náírà, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Síbẹ̀, mi ò sí lára àwọn tó ń fi gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀sín, àṣìṣe nìyẹn náà. Ó wù mí kí n rí òkè Ìdànrè láti òkè lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ kan kí n tó kú. Ó sì níbi tó ti máa wúlò: aboyún tí ìrọbí mú ní etí òkun Ìlàjẹ, tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n máa gbé e sí wá sí Ìgbókọ̀dá. Láti 2016 ni ilé-iṣẹ́ Zipline ti ń fi dúróònù gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ní Rùwáńdà, ó sì dé Kàdúná ní 2022. Kò gbé èèyàn kankan, kò wu ẹni tó fẹ́ ṣe fàájì, ṣùgbọ́n ó ń fò lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ní kí n yan ohun tí ìpínlẹ̀ Òǹdó máa kọ́kọ́ rà, òun ni.

Wọ́n parí ṣọ́ọ̀kì níwájú ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n bá mi wo ti ẹ̀yìn náà, torí mo ń padà sí Adó lọ́jọ́ Ajé.