Kí ẹ tó ra brainbox tòkúnbọ̀: bí mo ṣe tú P0603 wò ní Àpó

Kóòdù P0603, ọ̀kan nínú àwọn àmì àṣìṣe tí mọ́tò máa ń kọ sílẹ̀, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn ra brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí wọn ò nílò. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe yanjú ọ̀kan ní abúlé mẹ́káníkì Àpó, l'Ábújá níbí, torí díẹ̀ ló kù kí owó ẹni tó ni mọ́tò náà wọgbó.

Bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Kubwa ló ń gbé. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń ṣe ségesège láàárọ̀. Tó bá ti sítáàtì, á máa ròkè, á máa rodò, nígbà míì á kú. Tó bá rìn díẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún di bákan náà. Wọ́n ti sọ fún un níbòmíràn pé brainbox ti lọ, kó wá tòkúnbọ̀ rà.

"Ọmọ mi, ṣé kí n lọ rà á ni?"

"Ẹ ní sùúrù ná, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo fi síkáánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, sí ihò ẹlẹ́sẹ̀ 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. P0603 nìkan ló gbé wá, ìyẹn sì fún mi nírètí. Àwọn kóòdù ìrántí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní ti P0601, kọ̀ǹpútà ro ohun tó wà nínú ìrántí rẹ̀ pọ̀, àròpọ̀ náà ò bá iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ mu, bí ìgbà tí owó ọwọ́ alájọ ò bá ìwé rẹ̀ dọ́gba. P0604 ń sọ nípa RAM, ìrántí tó ń lò lẹ́nu iṣẹ́, P0605 ń sọ nípa ROM tí ètò iṣẹ́ rẹ̀ wà. Inú àpótí brainbox gan-an ni àwọn yẹn sábà máa ń wà. Ṣùgbọ́n P0603 ń tọ́ka sí ìrántí tí iná bátìrì ń tọ́jú lẹ́yìn tí a bá ti pa mọ́tò. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń kó ohun tó ti kọ́ nípa epo sí. Tí iná yẹn bá já lóru, gbogbo ẹ̀kọ́ náà parẹ́, ó sì di kó tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀.

Mo kọ kóòdù náà àti àwọn nọ́ńbà tó bá a rìn sílẹ̀ kí n tó pa ohunkóhun rẹ́. Bátìrì wà ní 12.6 vólíìtì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, 14.1. Mo tan iná iwájú, mo wọn earth, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì, láti ara brainbox dé orí bátìrì, iná tó ń sọnù níbẹ̀ kò tó 0.1 vólíìtì. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ó wá ku iná tí kì í kú, ìyẹn iná bátìrì tó ń tọ́jú ìrántí náà. Mo wo àwòrán wáyà mọ́tò náà kí n lè mọ ẹsẹ̀ tó ń gbà wọ brainbox. Mo tú bátìrì kí n tó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àpótí náà, mo wá dá bátìrì padà, mo fi mítà kan ẹsẹ̀ yẹn: 12.5. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ rìwáyà ti ń sọ pé iná dé, tí wọ́n á sì dá brainbox lẹ́bi. Ó máa ń dùn mí gan-an. Mítà kì í fẹ́ẹ̀ẹ́ fa iná rárá. Wáyà tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo ṣì lè fi 12 hàn án. Ẹ gbé ẹrù lé e, ìyẹn ohun tó máa fa iná! Mo so gílóòbù kékeré, wáàtì 5, mọ́ ọn. Iná rẹ̀ ṣe bàìbàì, mítà sì já sí bíi 7. Mo mi wáyà abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, gílóòbù kú, ó tún tàn.

Mo tọpa wáyà náà dé ibi ẹsẹ̀ èrò iwájú. Ẹnì kan ti fi tracker, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà, síbẹ̀ rí, ó bó ara wáyà, ó lọ́ tirẹ̀ mọ́ ọn, ó fi téèpù dúdú wé e. Wọ́n ti yọ tracker náà kúrò tipẹ́, ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ yẹn ti jẹrà, ó ti di aláwọ̀ ewé.

Mo gé ibi tó jẹrà dànù, mo fi wáyà tuntun tó nípọn bákan náà dípò rẹ̀, mo fi òjé jó o, mo fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Gílóòbù tàn yòò, 12.4, mo mì í títí kò yẹ̀. Mo pa kóòdù rẹ́, mo wa mọ́tò káàkiri kó lè tún kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo sì fi í sùn síta nínú ọyẹ́. Láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì dúró gírí. Kì í ṣe pé iná ìkìlọ̀ ò tàn nìkan ni mo wò. Mo yẹ nọ́ńbà epo tó ti kọ́ wò nínú síkáánà, wọ́n wà níbẹ̀ bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀.

Ká ní Bàbá ti ra tòkúnbọ̀ ni, immobilizer, ohun tó ń dènà olè, wà lára mọ́tò yẹn: brainbox àjèjì ò ní dá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ̀, kò sì ní jẹ́ kó sítáàtì. Wáyà jíjẹrà náà á sì wà níbi tó wà. Ìgbà tí iná àti earth bá dúró dáadáa lábẹ́ ẹrù, tí P0604 tàbí P0605 sì padà lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn tí mo pa á rẹ́, ìgbà yẹn ni mo tó lè sọ pé inú àpótí ni.

Bàbá béèrè bóyá òun ṣì lè fi tracker mìíràn sí i. Mo ní kí wọ́n fi sí i, ṣùgbọ́n kí ẹni tó máa ṣe é fa iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀, kó má fọwọ́ kan wáyà brainbox.