Kí Ẹ Tó Di Ẹrù: Ẹ Béèrè Àìsàn Ibi Tí Ẹ Ń Lọ

Bí ẹnìkan nínú ilé bá ń rìnrìn-àjò, owó ọkọ̀, aṣọ àti oúnjẹ ọ̀nà la máa ń kọ́kọ́ rò. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: àìsàn wo ló ń jà níbi tó ń lọ, nínú oṣù tó fẹ́ lọ yìí?

Ọmọ wa tó ń bọ̀ wálé

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń gbé nílùú òyìnbó, tí wọ́n ń bọ̀ wá kí wa, ló ń kọ wá lóminú jù. Ẹni tó dàgbà sí Abẹ́òkúta, tí ẹ̀fọn ti jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ ti ń bá ibà jà. Bó bá pẹ́ nílùú òyìnbó, agbára yẹn á dínkù. Àwọn ọmọ tó bí síbẹ̀ kò tilẹ̀ ní in rárá. Ní Britain, púpọ̀ nínú àwọn tí àyẹ̀wò ń fi hàn pé wọ́n ní ibà jẹ́ ẹni tó lọ kí ẹbí nílẹ̀ Áfíríkà, pàápàá ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ilé ni wọ́n kà á sí, wọn ò sì rò pé ẹni tó ń lọ sílé nílò oògùn kankan.

Ẹ bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù kí wọ́n tó gbéra: kí wọ́n rí dókítà lọ́hùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá fún ní Malarone, oògùn tó ń dènà ibà, yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ìrìn-àjò, yóò sì máa lò ó lójoojúmọ́ títí ọjọ́ 7 lẹ́yìn tó bá padà. Doxycycline, oògùn mìíràn tó ń dènà ibà, ọ̀sẹ̀ 4 ni wọn yóò fi lò ó lẹ́yìn ìpadàbọ̀. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì olóògùn sórí bẹ́ẹ̀dì àlejò kí wọ́n tó dé. Bí ara ọmọ wọn bá gbóná, ẹ má fi àgbo dá a dúró di ọ̀la. Irú ibà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lè di ewu ńlá láàárín wákàtí 24.

Òkè Ọya, Mẹ́kà àti Ọ̀wọ̀

Láti Senegal dé Ethiopia, àrùn yírùnyírùn máa ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹfà. Òkè Ọya wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra àlùbọ́sà àti màlúù ní Kano tàbí Sokoto, ẹ má sùn há-há nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ara gbígbóná, orí fífọ́ líle àti ọrùn tó le gan-gan: ilé ìwòsàn ni kíá.

Nítorí àrùn yìí kan náà ni Saudi Arabia ṣe ń béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ sí Hájì. Ó kéré tán, ẹ gbà á ní ọjọ́ 10 kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ má sì mu wàrà ràkúnmí tí a kò sè, nítorí àrùn èémí MERS, tí wọ́n kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ní 2012, ń wá láti ara ràkúnmí.

Ewu wà nítòsí pẹ̀lú. Ẹni tó kúrò ní Èkó lọ sìnkú ní Ọ̀wọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọ agbègbè ibà Lassa, tí eku ń tàn ká. Gàrí tí a sá sẹ́bàá títì, tí eku tọ̀ sí lóru, tó láti kó o. Inú ike olómòrí ni kí oúnjẹ máa wà.

Brazil àti India

Ibà dẹ́ńgè ló gbòde níbẹ̀. Ní 2024, ó ju mílíọ̀nù 6 ènìyàn tí wọ́n fura sí pé ó mú ní Brazil. Ẹ̀fọn ọ̀sán ló ń gbé e kiri, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì òru nìkan kò tó: ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ẹ fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn pa ara. Parasitámọ̀ ni kí ẹ lò sí i, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya.

Ní ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, tí a tìtorí rẹ̀ ń gba yẹ́lò káàdì, ó wà lọ́dọ̀ wa àti ní Brazil, kò sí ní India. Ìdí nìyẹn tí India fi ń béèrè káàdì náà lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó títí ayé.

Bí ẹ bá dé

Bí ara bá gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ 3 tí ẹ ti Ọ̀wọ̀ dé, tí oògùn ibà kò sì ràn án, ẹ sọ orúkọ ìlú náà fún nọ́ọ̀sì kó tó fọwọ́ kàn yín. Ẹni tó padà sí London, bí oṣù mélòó kan tilẹ̀ ti kọjá, kó sọ fún dókítà pé òun lọ sí Nàìjíríà, kó sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún ibà lọ́jọ́ náà gan-an.