Àwòrán Nínú Mẹ́mórì: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín

Kí ẹ tó lọ sanwó server tó tóbi sí i, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ yẹ kóòdù yín wò. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ké sí mi pé mẹ́mórì kò tó, bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ń jẹ ẹ́ tán. Pillow, irinṣẹ́ àwòrán ti Python, ni mo máa fi ṣàlàyé. Ẹni tí kò bá tíì mọ iṣẹ́ BytesIO (ohun tó ń ṣe bíi fáìlì, àmọ́ tó jẹ́ pé inú mẹ́mórì ló wà), kó lọ kọ́ ọ ná.

1. Gbígbàgbé seek(0). Ẹ save àwòrán tán, ẹ pe read(), òfìfo ló jáde, torí pé ìparí dátà lẹ ṣì wà. Ẹ padà síbẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ kúkú lo getvalue().

2. Àìdárúkọ format. BytesIO kò ní .jpg tí Pillow máa wò. Ẹ kọ format="JPEG" sínú save. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé img.format o: lẹ́yìn resize, None ló máa ń dà.

3. tobytes(). Háà! Ẹnìkan ń kó èsì tobytes() sínú database, ó lóun ń tọ́jú fáìlì. Àwòrán RGB (pupa, àwọ̀ ewé, búlúù: báìtì mẹ́ta fún píksẹ́lì kan) tó jẹ́ 4000 lọ́nà 3000 máa di báìtì 36,000,000 báyìí, nígbà tí JPEG rẹ̀ lè má ju mílíọ̀nù 3 lọ. Database kún, ó ra àyè sí i, ìyẹn náà kún. Ìgbà tó wá fẹ́ ṣí wọn, Image.open lóun ò dá wọn mọ̀. Mo ní kó tẹ báìtì àkọ́kọ́ jáde. FF D8 ni JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀, PNG ń fi 89 50 4E 47 bẹ̀rẹ̀. Tirẹ̀ ńkọ́? 87 CE EB, 87 CE EB, 87 CE EB: àwọ̀ sánmà tó wà ní igun òkè fọ́tò! Píksẹ́lì lásán ni tobytes() ń fún yín, kò sọ fífẹ̀, kò sọ gíga. Ẹ save sínú BytesIO, kó tán síbẹ̀.

Irú ìṣirò yẹn ló ń pa ẹni tó ń ṣí 100 fọ́tò pọ̀. Ẹrù tí a dì ni JPEG. Ẹ bá tú u, ó máa gba ilẹ̀. Nínú mẹ́mórì, báìtì mẹ́rin ni Pillow ń lò fún píksẹ́lì RGB kan: 4.8GB nìyẹn. Ẹ mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ àwòrán kékeré lẹ fẹ́, ẹ pe thumbnail() kí ẹ tó fọwọ́ kan píksẹ́lì rárá. Bó bá jẹ́ JPEG, kò ní tú gbogbo rẹ̀.

Nọ́ńbà wo la dé? Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ìbínú ti gbé mi lọ.

Ẹ má ti buffer (BytesIO yẹn) pa kí ẹ tó pe load(), tó ń ka píksẹ́lì. Image.open kì í ka píksẹ́lì títí ẹ ó fi béèrè.

RGBA, ìyẹn RGB pẹ̀lú alpha tó ń sọ ibi tí a ti lè rí òdìkejì àwòrán, kò wọ JPEG. Ẹ convert sí RGB.

Ẹ̀yin tó ń lo OpenCV, irinṣẹ́ àwòrán mìíràn: bí imdecode, tó ń tú àwòrán, bá kùnà, kò ní pariwo, None ló máa dá padà. BGR (búlúù ló ṣáájú) sì ni ìtò àwọ̀ rẹ̀, kì í ṣe RGB. Ìdí nìyẹn tí ojú èèyàn fi di búlúù.

Fọ́tò fóònù ń dùbúlẹ̀? ImageOps.exif_transpose ló máa gbé e dúró.

Ẹ sì yé fi None sí MAX_IMAGE_PIXELS, ìyẹn òdiwọ̀n píksẹ́lì tí Pillow fi ń dáàbò bò yín, torí pé ìkìlọ̀ ń yọ yín lẹ́nu. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 89 píksẹ́lì ló ti ń kìlọ̀. Ó bá ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, kò ní ṣí i mọ́. PNG kékeré tí àjèjì bá fi ránṣẹ́ lè tú sílẹ̀ kó gba gbogbo mẹ́mórì yín. Bí iṣẹ́ yín bá nílò àwòrán ńlá lóòótọ́, ẹ gbé iye náà sókè dé ibi tí mẹ́mórì yín lè gbà, kí ẹ sì wo img.size kí ẹ tó pe load().