Ìjókòó ẹ̀kọ́ físíìsì ní àpérò: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Onímọ̀ físíìsì tí kò jẹ́ gbé ìwọ̀n kan jáde láìsọ ibi tó ti lè ṣì í, òun náà ni yóò dé ìjókòó ẹ̀kọ́ físíìsì, níbi tí a ti ń jíròrò bí a ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò ní ọ̀nà ìkọ́ni òun tuntun dára: “Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi dùn sí i gan-an ni.” Ó parí.

Ẹ má fi inú dídùn ṣe ẹ̀rí. Ní 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ ara wọn yanjú ìṣòro ní kíláàsì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kàn jókòó gbọ́ olùkọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Síbẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù yẹn ló rò pé àwọn kò kọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kí wá ni ká fi “wọ́n gbádùn ẹ̀” ṣe?

Àwọn kan a gbé máàkì wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ìparí nìkan. Níbo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Force Concept Inventory, ìdánwò lórí òye agbára (force) tí Hestenes, Wells àti Swackhamer gbé jáde ní 1992, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò: wọ́n á fún kíláàsì ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n á tún fún wọn ní ìparí. Ọ̀nà tí onímọ̀ físíìsì Richard Hake fi ṣírò rẹ̀ ni pé kí á fi ohun tí wọ́n jèrè wé ohun tó kù fún wọn láti jèrè. Ká ní kíláàsì kan kúrò ní 40 nínú 100, ó dé 64. Wọ́n jèrè 24, 60 ló kù tẹ́lẹ̀, 0.4 nìyẹn. Kíláàsì kejì kúrò ní 80, ó dé 92. Èrè 12 péré, àmọ́ 20 ló kù: 0.6. Ẹni tó bá ń fi 24 yangàn sí ẹni tó ní 12 kò tíì ṣírò. Nínú iṣẹ́ Hake ti 1998, lórí akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 6,000, ìpíndọ́gba kíláàsì tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́ 0.23, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa, ó jẹ́ 0.48. Àwọn tó jókòó síwájú yín mọ nọ́ńbà wọ̀nyí lórí, ẹ má retí àtẹ́wọ́ fún 0.25.

Ẹ má sì ka àwọn tó já kíláàsì sílẹ̀ mọ́ ìdánwò àkọ́kọ́ nìkan. Bó bá jẹ́ àwọn tí ẹ̀kọ́ náà le fún ló lọ, máàkì á gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ nǹkan kan. Àwọn tó ṣe méjèèjì ni kí ẹ fi ṣírò, kí ẹ sì sọ iye tó lọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí ènìyàn gbé ìbéèrè inú Force Concept Inventory sójú ògiri, tòun ti ìdáhùn. Fóònù á ti yà á kí ẹ tó yí ojú ewé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdánwò náà bàjẹ́ fún gbogbo wa. Ẹ ṣe ìbéèrè tiyín tó jọ ọ́. Bó bá jẹ́ ìwé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ fẹ́ fi hàn, ẹ bo orúkọ.

Ní March Meeting, àpérò ọdọọdún tí American Physical Society, ẹgbẹ́ onímọ̀ físíìsì Amẹ́ríkà, ń ṣe títí di 2024, ìṣẹ́jú 10 ni ọ̀rọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́, 2 fún ìbéèrè. Ẹ má fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣàlàyé pé físíìsì le; ìyẹn ló kó wa jọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó náà, ẹ má fi ìṣẹ́jú méjì yẹn ròyìn bí wọ́n ṣe kọ́ yín láyé àtijọ́. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì méjèèjì tí wọ́n ń fi wéra.